Ibi tí Ráútà Jókòó sí

Ní ilé Bàbá mi ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ohunkóhun lé orí ẹ̀rọ orin wọn. Nígbà ayé Ìyá mi, wọ́n gbé òdòdó oníróbà lé e lẹ́ẹ̀kan, Bàbá sì gbé òdòdó náà síta nínú oòrùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ orin nílò afẹ́fẹ́, kò sì fẹ́ kí nǹkan kan sún mọ́ òun.

Ẹ ó rí i pé mo mọ òfin yìí dáadáa kí n tó rú u ní Toronto. Abẹ́ ilé ni mo háyà, yàrá kan àti pálọ̀ kékeré tí fèrèsé rẹ̀ ò ga ju koríko lọ. Mo ra ampilifáyà kan, ẹ̀rọ àwo orin àti sípíkà méjì lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan ní Woodbridge, nítòsí ọ́fíìsì àwọn onítírélà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ojú kan ṣoṣo ni wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ti yọ lára ògiri, ibẹ̀ náà nìkan ló sì gba ampilifáyà náà. Ni mo bá gbé ráútà, àpótí kékeré oníná tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kárí ilé, lé e lórí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi fídíò pe ilé. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá ló máa ń di fóònù mú fún wọn. Mo fi àwo orin kan sí i, mo yí fóònù síbẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tí mo rà.

"Kí ni mo rí lórí ẹ̀rọ orin yẹn?"

"Ráútà ni, Daddy. Òun ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé."

"Gbé e kúrò níbẹ̀! Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń kùn ni?"

Mo dẹtí. Lóòótọ́, ó ń kùn lábẹ́ orin náà, hùùù, bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ẹnu yà mí. Irú etí wo ló ń gbọ́ ìyẹn láti Ìbàdàn?

Bí wọ́n ṣe ń fún mi níṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ampilifáyà, wọ́n ní ó ṣì ń kùn. Mo gbé e sẹ́yìn sípíkà, wọ́n bi mí bóyá orí mi pé. Níkẹyìn mo ra wáyà gígùn, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ga, ó sì jìnnà, mo sì fún un ní ojú iná tirẹ̀. Orin wá mọ́ gaara. Bàbá wò ó títí, wọ́n mi orí. "Ó dára báyìí."

Ó dára lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n béèrè òtútù, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n gbàdúrà, ó di ó dàbọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìdánìkanwà ń jẹ mí run. Ní ọ́fíìsì, "thank you" ṣáá ni wọ́n ń kí mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, inú rere wọn sì ti sú mi. Ó wù mí kí ẹnì kan jágbe mọ́ mi ní Yorùbá.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo gbé ráútà padà sẹ́yìn ampilifáyà, mo fi páálí àwo orin bò ó lójú, kí etí Bàbá fúnra rẹ̀ lè tú mi fó, kí ìbínú náà sì lè pẹ́ dáadáa. Mo pè wọ́n, mo gbé ohùn orin sókè. Ó ń kùn débi pé sípíkà ń gbọ̀n. Mo ń retí ariwo.

"Ó mọ́ lónìí," ni Bàbá wí. "Ó dùn ún gbọ́."

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò mi dá pè mí.

"Àǹtí mi, kí lẹ ń dán Daddy wò fún? Etí wọn ti lọ tipẹ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ ó máa dààmú níbẹ̀ yẹn."

"Láti ìgbà wo?"

"Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan yẹn. Èmi ni mò ń pariwo ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí."

Lóòótọ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ tó ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo rò pé kò dára.

"Wọ́n ṣáà ní ó ń kùn."

"Wọ́n ń rí ráútà yẹn ni, Àǹtí. Àtọjọ́ Friday ni wọ́n á ti máa bi mí pé, 'Ìgbà wo la máa wo ráútà ọmọ yẹn?'"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún dáadáa.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn pé, mo gbé ráútà lé àárín orí ampilifáyà gan-an, mo yọ páálí kúrò. Dátà fóònù ni mo fi pè, kí ìpè má bàa já. Bí Bàbá ṣe rí i, ojú wọn là.

"Ìwọ ọmọ yìí! O tún gbé e padà síbẹ̀! Gbé e kúrò, ó ń kùn!"

"Ẹ má bínú, Daddy!" Mo pariwo rẹ̀ dáadáa. "Mò ń gbé e lọ!"

Mo rọra ń gbé e lọ, kó lè pẹ́. Mi ò tíì tan ẹ̀rọ orin náà rárá.