Íńtánẹ́ẹ̀tì Inú Yàrá Ìyá

Ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi ní Kábà ni mo ra módẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́ tó wọ ilé wa. N kò ra ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà yìí fún fàájì. Àrùn náà ti gba ohùn Ìyá lọ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí rẹ̀, sì wà lókè òkun níbi tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Bó bá kúrò níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé. Tó bá pè, màá gbé fóònù sétí Ìyá, èémí rẹ̀ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbọ́.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀," ló wí lọ́jọ́ kan, ó sì bú sẹ́kún. N kò gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí láti kékeré wa.

Mo lọ ra módẹ́ẹ̀mù ní Lọ́kọ́ja, mo tì í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo gbé e ka iwájú Ìyá. Àwòrán ò yọ. Àmì róbótó kan ṣáà ń yí, ó ń yí, títí oorun fi gbé Ìyá lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò bí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń yára sí. Ó júwe ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún mi. Ibẹ̀ gan-an ò tètè ṣí. Nígbà tó ṣí, ọwọ́ tó ń tọ́ka ìwọ̀n kọ̀, kò kúrò lórí òdo.

"Ó débo?" ló ń bi mí lórí fóònù.

"Kò kúrò lójú kan, ẹ̀gbọ́n."

"Gbé e lọ sí yàrá mìíràn. Má jókòó!"

Mo gbé e káàkiri ilé bí ẹni tó gbé ọmọ tó ń ké. Yàrá Ìyá ló burú jù, torí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dínà mọ́ òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Lábẹ́ igi máńgòrò níta, ìwọ̀n náà gòkè. Ṣùgbọ́n báwo la ó ṣe gbé Ìyá débẹ̀, ẹni tó ń kérora bí a bá kàn yí i ní ẹ̀gbẹ́ padà?

Ọkọ mi wá wáyà gígùn, ó so módẹ́ẹ̀mù mọ́ orí ọparun, ó nà á ró níta, ó sì gba ojú fèrèsé fa wáyà náà wọlé. Ìwọ̀n gòkè! A pe ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rẹ̀ yọ ní wẹ́wẹ́, bí ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi, ó sì pòórá. A wò ó títí, a rí i pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fa nǹkan mìíràn látorí íńtánẹ́ẹ̀tì láìsọ fún wa. Mo dá a dúró. Síbẹ̀ kò tó. Ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo ìlú ti ti oko bọ̀, wọ́n wà lórí fóònù.

Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá ò gbé ògì mì mọ́.

"Ẹ ò so ó dáadáa!" ni mo kígbe mọ́ ọkọ mi. Kò bínú.

"Bí mo bá jí kírun láàárọ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń yá," ló wí. "Jẹ́ ká dúró dìgbà yẹn."

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ojú ẹ̀gbọ́n mi yọ ketekete.

"Okun, Ìyá. Èmi ni o. Okun o," ló fi kí i, bí a ṣe ń kíni nílé wa.

Ìyá ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì lágbára gòkè díẹ̀díẹ̀, ó kan ojú kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi àtàǹpàkò pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ lára. Ohùn já. Àwòrán dúró gbagidi, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi là sílẹ̀. Ìyá ò dáwọ́ dúró.

Fóònù mi dún. "Ṣé ó mọ̀ mí?"

"Ó mọ̀ yín," ni mo wí. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá kú, lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn tó ń ti ìsìn Máàsì bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń béèrè àlàáfíà rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá Ìyá fún wọn.