Ibi tí Ohùn Bàbá Mi Gé sí

Ọdún kẹta tí bàbá mi kú ni màmá mi pé ẹni àádọ́rin ọdún. Èmi àbíkẹ́yìn, tí mò ń ṣe tíṣà ní Òmù, ni mo dá a lábàá pé kí àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọn sínú fídíò. Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. N kò rí kásẹ́ẹ̀tì tuntun rà, ni mo bá mú ti ìdúpẹ́ tí bàbá mi ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ààyè ṣì wà ní ìparí rẹ̀.

Inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni ohùn wọn kù sí. Ní ìparí ìdúpẹ́ náà, wọ́n yíjú sí màmá mi, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n kí uyàwó mi." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé bàbá màmá mi ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Bí iná bá ti wà lọ́jọ́ Ìsinmi, màmá mi á ní kí n fi í sí i fún àwọn.

Àwa mẹ́ta ti kí tiwa tán kí ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó dé láti Adó, nínú agbádá, tàwọn ti ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí. Mo ní kí wọ́n gbẹ̀yìn. Ojú wọn korò. Wọ́n ní ta ló gbọ́ pé àbúrò ṣíwájú àkọ́bí kí ìyá? Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn kí gbogbo wa tún un kí, kí àgbà lè ṣíwájú. Ìkánjú ni mo fi ṣe é.

Nígbà tí a parí ni mo tó wò ó. Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n kí uyàwó mi," wọ́n la ẹnu, agbádá ẹ̀gbọ́n mi yọ. Ọ̀bẹ ti gé ọmọ lọ́wọ́ tán. Ẹ̀rù bà mí. Títí di ọjọ́ Ìsinmi, bí màmá mi bá ti wúkọ́, àyà mi á já. Mo gbàdúrà kí wọ́n má mú iná wá. Wọ́n mú un wá.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Màmá mi nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n pé kí n tàn án. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní, "Dá a dúró." Bàbá mi la ẹnu sílẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Màmá mi fúnra wọn ki oríkì náà, díẹ̀díẹ̀, dé òpin. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé bó ṣe kí mi lọ́jọ́ udúpẹ́ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún ki í. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe mí bíi pé wọ́n fo nǹkan kan láàárín. Wọ́n tún bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá ohun tí wọ́n fò yẹn nínú orí mi títí, n kò rí i. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti ọjọ́ tí mo pa ohùn bàbá mi rẹ́ lọ.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.