Píìnì Kan Ṣoṣo fún Orúnkún Bàbá Mi

Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ tí orúnkún bàbá mi kán lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Ajégúnlẹ̀. Orúnkún irin ni. Ó ti pẹ́ tí bàbá ti pàdánù ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ẹrù ní èbúté Àpápá. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, níbi tó ti ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá wọ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road. Píìnì tó so orúnkún náà pọ̀, tí kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, ló kán sí méjì. Bàbá yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀. Kò fara pa púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í débi pé kò jẹ́ kí n gbé òun dìde.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí píìnì lọ́tọ̀, àfi ká ra odindi orúnkún láti òkè òkun. Owó rẹ̀ ju agbára wa lọ. Ọ̀gá bàbá sì ní bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò dé, àwọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì nígbà náà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Mo wọn píìnì tó kán, mo yà á lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà dídán, mo wá ń gbé e kiri tìyanga-tìyanga. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni mo wọ̀ ní Creek Road. Wọ́n ní àwọn ò lè tan ẹ̀rọ nítorí ẹyọ kan; kí n lọ mú iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún wá. Ní Ìjọra, ẹnìkan ta bóòtù irin kan fún mi dípò píìnì náà, ó ní ó máa bá a mu. Ọjọ́ méjì péré ló lò tó fi tẹ̀. Bàbá bọ́ ẹsẹ̀ náà, ó gbé e ti ògiri.

Wẹ́dà kan ní Ìjọra Badia ló wá júwe tọ́nà kan fún mi, bàbá àgbàlagbà tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, nítòsí ilé wa gan-an. Mo na pépà mi sí i. Ó wò ó, ó dá a padà.

"Ó dáa. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo ìwọ̀n ẹ̀ ti wà níbẹ̀."

"My pikin, no be paper go waka. Lọ mú wọn wá."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé bàbá lọ. Tọ́nà pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́, ó lóṣòó síwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Níbo ló ń dùn yín tẹ́ ẹ bá ń rìn?"

Bàbá wò mí kó tó dáhùn. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tí ẹsẹ̀ náà ti ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, pé itan ló ń dun òun. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, mi ò bi í rí.

Tọ́nà ki irin ìwọ̀n bọ ihò orúnkún náà, ó pè mí kí n wá wò ó. Ihò náà ti jẹ, ó ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Píìnì tí mo wọ̀n pàápàá ti jẹ. Ká ní ó tẹ̀lé pépà mi ni, tuntun á máa mì bíi ti àtijọ́, á sì tún kán. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú àjákù irin páǹpù ọkọ̀ ojú omi kan, ó gé píìnì tuntun, ó fẹ ihò náà díẹ̀, ó sì fi òrùka irin tẹ́ inú rẹ̀. Owó irin àti owó iṣẹ́ díẹ̀ ló gbà.

Bàbá dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó rìn dé ẹnu títì, ó yí padà. Nígbà tí mo fẹ́ dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó ní ká fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣe é títí òun fúnra rẹ̀ fi ní ó tó. Ó ti darúgbó báyìí, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Ohun tí mo ṣì máa ń rò ni ọdún kan tó fi jẹ̀rora lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú mi. Láìpẹ́ yìí ni mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

Ó ní, "Ìwé lò ń kà nígbà yẹn. Mi ò fẹ́ dí ẹ lọ́wọ́."