Afárá Tó Gba Àǹtí Lọ́wọ́ Mi

Mo mọ̀ pé o ò ní gbà mí gbọ́, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òórùn ibẹ̀ fún ọ ná. Kí wọ́n tó tún kánààlì tó wà lẹ́yìn Festac ṣe, ẹrẹ̀ dúdú, ewé ojú oró tó ti jẹrà àti oríṣiríṣi pàǹtí ló kún ibẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láàárọ̀, ẹni tó ń jẹun nínú ilé á yára bo abọ́. Àárín òórùn yẹn gan-an ni mo ti máa ń gbóòórùn fànílà: kéèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, lójú omi tí ẹja pàápàá ń sá fún. Títí di òní, bí mo bá gba iwájú ilé oníbúrẹ́dì kọjá, ẹrẹ̀ ni mo ń rántí, ọkàn mi á sì fà sí ẹrẹ̀ náà. Ohun tí o ò ní gbà gbọ́ nìyí: afárá ló gba obìnrin tí ǹ bá fi ṣaya lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ọkùnrin. Ọkùnrin ì bá sàn, ǹ bá ti bá a wọ̀yá ìjà. Afárá ni, afárá kọnkéré, tí èmi fúnra mi dìde nínú ìpàdé tí mo ní kí wọ́n kọ́.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Àmúwò. Ìyá àwọn ọmọ mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ náà sì ti fò lọ, oníkálukú síbi tí oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí mo bá fẹ́ gba ojú títì lọ síbi iṣẹ́, àfi kí n yí gba Mile 2, kí n tó padà wá síbi tí òkò ọwọ́ mi ì bá ti dé láti ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àwọn kan fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ pákó kékeré ni, ó ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹnu atukọ̀ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n ara ni ọkùnrin yìí fi ń yan àyè fún èrò. Á wò ọ́ látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra màálù, á wá nawọ́ síbi tí wàá jókòó sí, kí ọkọ̀ má baà fì sápá kan. O mọ bí mo ṣe tóbi tó, má rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo èrò àárọ̀, ẹnìkan ṣoṣo ni ìwọ̀n rẹ̀ bá tèmi mu: obìnrin kan tó ń ti Satellite Town bọ̀, tó ń gbé kéèkì lọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Raji Rasaki, lápá Àmúwò lọ́hùn-ún.

"Dádì, ọ̀tún. Àǹtí, òsì, ẹ dojú kọ wọ́n," ni atukọ̀ á wí. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mú ọkọ̀ mi dúró."

Àwọn kòtò ojú títì ti ba kéèkì rẹ̀ jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ló ṣe sá wá sójú omi. "Omi kì í gbọn kéèkì, Dádì," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan. Orí itan rẹ̀ ni páálí máa ń wà, orúnkún wa á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Bí a bá gúnlẹ̀, èmi ni mo ń bá a gba páálí dání kó lè ká aṣọ rẹ̀ sókè, kó sì fẹsẹ̀ lé pákó èbúté. Bí mo bá dá a padà fún un, á ní, "Ẹ ṣeun, sà," á sì kánjú lọ. Láwọn ọjọ́ Jímọ̀, á di etí kéèkì tó gé kúrò sínú ọ̀rá fún mi, èyí tó gbẹ díẹ̀, tí ṣúgà ti dì sí lára.

"Àbí àwa kọ́ lèrò ọkọ̀ ni?" ni ìyá aránṣọ kan tó máa ń jókòó sí ìdí ọkọ̀ á pariwo. "Dádì nìkan lebi ń pa?"

"Ẹ̀yin ò wúwo tó, mà," ni Àǹtí á fi dá a lóhùn, ọkọ̀ á máa mì fún ẹ̀rín, atukọ̀ á sì máa bú gbogbo wa.

Wàá ní, kí lorúkọ rẹ̀? Àǹtí ni mo ń pè é, Dádì ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Fóònù méjì ni mo ní nígbà náà, mo mọ̀ pé ohun tó kàn tí o fẹ́ sọ nìyẹn. Kí àgbàlagbà máa tọrọ nọ́ńbà obìnrin lójú ìyá aránṣọ àti atukọ̀? Kí n tó dé kíláàsì, ọ̀rọ̀ náà á ti di ìgbéyàwó, á ti bímọ. Ibi tó pa rọ́rọ́ ni mo ń wá, ibi tí ẹnu tèmi àti etí tirẹ̀ nìkan á wà.

Àṣé ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìlú pè wá sípàdé. Wọ́n fi àwòrán odò wa hàn wá lára ògiri, mi ò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Wọn á kó ẹrẹ̀ rẹ̀, wọn á fi òkúta tẹ́ bèbè, wọn á gbin igi, òjò á ráyè gbà kọjá dípò kó máa wọ yàrá wa. Wọ́n ní omi tí gbogbo ilé kọ ẹ̀yìn sí, òun ni gbogbo ilé máa kọjú sí báyìí. Wọ́n wá fi afárá hàn wá. Wọ́n ní ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò máa gbà á. Ti kẹ̀kẹ́ yẹn gba etí mi kan wọlé, ó gba ìkejì jáde. Èmi ti ń wo àárín afárá náà, bí atẹ́gùn á ṣe máa fẹ́ níbẹ̀, tí kò ní sí ìyá aránṣọ kankan nítòsí.

"Kí ló kù tí ẹ fẹ́ ká fi sí i?" ni ọmọbìnrin tó ń ṣàlàyé fún wa béèrè.

Mo dìde. "Ẹ bá wa kọ́ afárá yẹn kíákíá. Kẹ́ ẹ sì fi bẹ́ǹṣì kan sáàárín rẹ̀."

"Bàbá fẹ́ máa sùn síbẹ̀!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín sì gba gbogbo yàrá kan. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó fa ìlà kékeré kan sórí àwòrán tó wà níwájú rẹ̀. Ìlà yẹn ni mo gbé gbogbo ìrètí mi lé. Nígbà tí wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀, tí ọkọ̀ wa ń yọ́ gba àárín òpó kọjá, tí ọ̀rọ̀ á sì dé ètè mi, màá gbé e mì. Màá ní, dúró, bẹ́ǹṣì ń bọ̀.

Ní àárọ̀ tí ọkọ̀ náà ná kẹ́yìn, nítorí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọn yóò ṣí afárá, ìyá aránṣọ kò jẹ́ kí n sinmi. "Dádì, ọkọ̀ ti ń tán lọ o! Ohun tó wà lọ́kàn yín, ẹ pọ̀ ọ́ jáde."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Atukọ̀ pàápàá gbé àjẹ̀ sókè, ó ń retí, oníyọnu ẹ̀dá. Àǹtí ń wo omi, ìka rẹ̀ ń tẹ etí páálí. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́nà ọ̀fun mi, ó gbóná bí iṣu.

"Ọ̀rọ̀ tèmi, ti orí afárá ni," mo wí.

Ẹ̀rín sọ. Àǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó wò mí dáadáa, ó ní, "Kò burú, Dádì. A óò ríra lórí afárá." Mo gbà á bí ìlérí. Mo tiẹ̀ kọrin lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Kò sẹ́ni tó ṣe mí níbi, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí jù. Bí o bá wá sí Festac lónìí, wàá yìn wọ́n: omi ń ṣàn, òórùn ti lọ, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá wọlé ti ṣí padà, òjò ń rọ̀, a sì ń sùn. Atukọ̀ wa ń fi ọkọ̀ aláràbarà gbé àwọn ọmọ tó wá gbafẹ́, ó sì ti sanra jù mí lọ. Mo bi í lórúkọ obìnrin náà. "Àǹtí ni mo mọ̀, Dádì. Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀." Ìyá aránṣọ tó mọ ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, kò mọ èyí. Mo wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù Raji Rasaki, mo ń ra kéèkì kí n lè ráyè béèrè, títí dókítà fi bá mi wí. "Àǹtí wo?" ni wọ́n ń bi mí, nítorí gbogbo obìnrin tó ń gbé kéèkì wá fún wọn, àǹtí ni. Lọ́pọ̀ àárọ̀ ni mo jókòó lórí afárá. Kẹ̀kẹ́ pọ̀, eré ni wọ́n ń sá. Àwọn tó ya àwòrán wa wọn ìjìn omi, wọ́n wọn gígùn afárá, iṣẹ́ wọn sì dára. Báwo ni wọn ì bá ṣe mọ̀ pé orúnkún mẹ́rin ń dojú kọra láàárín odò náà láràárọ̀, pé ìnira wa ló sì mú wa jókòó bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, màá tún ní kí wọ́n kọ́ ọ. Ọmọ ọlọ́mọ ò lè máa sun inú àgbàrá nítorí ìfẹ́ bàbá sísanra kan. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni ǹ bá ti sọ tèmi, lójú gbogbo wọn, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo tètè lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àárín afárá. Ọ̀dà ara irin rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ìlú ya bo ibẹ̀: ọmọ ilé ìwé, nọ́ọ̀sì, ọlọ́jà, àwọn tó kàn fẹ́ ya fọ́tò. Gbogbo obìnrin tó bá gbé ẹrù ni mo ń wò lójú. Ohun tí mi ò rò ni pé ojú ọ̀nà tuntun náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní kòtò kan tó lè gbọn ohunkóhun. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já sórí rẹ̀ láti apá Festac, òun ló sì wà nínú rẹ̀, páálí lórí itan. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó na ọrùn jáde, ó ń wo ìsàlẹ̀, ibi èbúté wa, bí ẹni tó ń wá ẹnìkan. Mo fò dìde, mo fi gbogbo agbára mi ké: "Àǹtí!"

Kẹ̀kẹ́ náà kò dúró. Ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin tó wà lórí afárá ló bojú wẹ̀yìn, àtọmọdé àtàgbà wọn, wọ́n ń wò mí.

"Èwo nínú wa lẹ ń pè, sà?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè, ó sì dúró, ó ń fi sùúrù retí kí n dárúkọ.