Àdín Àgbọn Lára Ọkọ̀ Aláwọ̀ Aró

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi, tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àpápá, aláwọ̀ aró ni. Lẹ́nu ìgbà tó ti ń sùn níta gbangba ní Ajégúnlẹ̀, ó ti ṣá débi pé àwọn èèyàn a máa bi mí bóyá ẹfun ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Oòrùn sa ipá tirẹ̀. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun sa tirẹ̀. Èéfín àwọn ọkọ̀ àjàgbé, tí ìjọba ti ń ṣèlérí láti kó kúrò ní títì láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, sa tirẹ̀ pẹ̀lú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá má dùn mí, bí kì í bá ṣe pé èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ dúpẹ́ ọdún ìgbéyàwó wa. Ní ìjọ wa ní Àpápá, iwájú ilẹ̀kùn ńlá ni a máa ń gbé ọkọ̀ tọkọtaya tó bá ń dúpẹ́ sí, kí gbogbo ìjọ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìyàwó mi sọ fún mi lórí oúnjẹ àárọ̀, láìgbé ohùn sókè, pé òun kò ní sọ̀kalẹ̀ nínú garawa àlòkù lójú ìjọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni òun yóò wọ̀. Èmi lè máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo ro ohun tí àwọn ìyá ìjọ yóò sọ nípa tọkọtaya tó dé ibi ìdúpẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì dìde nídìí oúnjẹ.

Mo lọ bá pẹ́ńtà kan tó ń kun ọkọ̀ lẹ́yìn ilé wa. Nígbà tí mo gbọ́ iye tó pè, mo rò pé ó fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi ni. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì padà sílé láti fi gbogbo ìwé tí mo ti kà láyé mi tún ọkọ̀ mi ṣe.

Mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo fún ọṣẹ ìfọyín sára síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, mo ń fi í yípo lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì títí síńgílẹ́ẹ̀tì náà fi di aláwọ̀ aró. Ọ̀dà tó ti kú ń ṣí kúrò, èyí tí mo fowó rà gan-an sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ó wá ku ìda tí a fi ń bo ojú ọ̀dà kí oòrùn má baà rí i bá jà. Aládùúgbò mi kan, òṣìṣẹ́ èbúté tó ti fẹ̀yìntì, tí kò ní ọkọ̀ rí, wá dúró tì mí pẹ̀lú ìmọ̀ kíkún.

"Ẹ̀gbọ́n, ìda wo lẹ tún fẹ́ rà? Àdín àgbọn ni kẹ́ ẹ fi pa á. Kí ló ń mú ara ọmọ tuntun dán?"

Irú làákàyè bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Mo wọlé, mo mú ìgò àdín tó wà nídìí dígí ìyàwó mi, mo sì fi pa ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́, mo rí fìlà mi kedere lára ọkọ̀ náà. Ìyàwó mi yí i ká, ó wọlé jókòó. Ìgbéraga gùn mí, mo sì gba títì Creek Road, níbi tí àwọn èèyàn ti mọ̀ mí. Níwájú ilé ìkẹ́rùsí kan, wọ́n ń já sìmẹ́ǹtì bí ẹni pé kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Eruku rẹ̀ bò wá mọ́lẹ̀. Ara àwọn ọkọ̀ yòókù ni eruku náà ti ń fò lọ bí wọ́n ti ń sáré. Tèmi, pẹ̀lú àdín lára, gbà á lálejò, ó sì ní kó máa gbé ibẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ní ṣọ́ọ̀ṣì wò wá títí, ó wá fi ọ̀wọ̀ ńlá bi mí bóyá èmi ni mo kó búlọ́ọ̀kù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun wá. Ó ní ẹ̀yìn, lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, ni kí n já a sí. Mo ń dúró kí ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, kó wá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Gíláàsì ló yí sílẹ̀, ó sì dá a lóhùn.

"Àwa là ń dúpẹ́. Iwájú là ń gbé e sí."

Mo gbé e síwájú. Mo fa áńkáṣíìfù yọ, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú.

"Olówó orí mi, ẹ má nù ún. Ó ti bá irun yín mu."

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ mi sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bi mí bóyá kì í ṣe àdín irun òun nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ ká tètè wọlé, wọ́n ti ń kọrin.