Màmá Ìsàlẹ̀ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Bí kẹ̀kẹ́ arọ kan bá ti ń han gooro, màmá kan nínú ìgbìmọ̀ wa, tó ń lo irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ni mo máa ń rántí. Wọ́n yàn wá láti gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá ní Ìdànrè, wọ́n wá fi ìpàdé sí orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Alága ní kí màmá máa lọ sílé, a ó wá jábọ̀.

Màmá gbójú sókè wò wá láti ìsàlẹ̀. "Ṣé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ti máa kí mi ni, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí?"

Alága sáré sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo wa tẹ̀lé e. Màmá dá wa lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wò wá yíká.

"A ti pé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Àwọn baba wa tó ń gbé orí òkè Ìdànrè ti kó sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́. Kí lẹ̀yin tún ń wá lọ sókè?"