Télọ̀ Tó Gé Oògùn Sí Méjì

Ọkọ mi kì í fi aṣọ ṣòfò. Ogójì ọdún ló fi jókòó sídìí maṣíìnì ní yàrá iwájú ilé wa, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, orin ìsìn a sì máa gba imú rẹ̀ jáde. Gbé ọ̀pá aṣọ mẹ́ta fún un, á rán ẹ̀wù, á rán ṣòkòtò, á tún dá èyí tó ṣẹ́kù padà fún ọ.

Nígbà tí dókítà ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àyà mi já. Ọ̀rá yìí náà ló rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá, tó rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, tá a fi ń fi ṣíbí bọ́ ọ. A ra oògùn, ó wọ́n bí ojú. Oṣù mẹ́ta kọjá, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, ọ̀rá ò kúrò lójú kan. Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Mi ò mọ̀ pé oògùn náà ti ń gbààwẹ̀ ṣáájú mi.

Bọ́tìnì ni mò ń wá tí mo fi ṣí agolo rẹ̀. Hóró oògùn ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn gé sí méjì géérégé.

“Bàbá àwọn ọmọ, kí lèyí?”

“Mo dín in kù díẹ̀ ni. Ti oṣù kan ti ń tó oṣù méjì.”

“Ṣé ìdajì ṣòkòtò lẹ máa ń rán fún oníbàárà?”

Ó gba agolo náà lọ́wọ́ mi, ó dé e.

Mo fà á lọ sọ́dọ̀ obìnrin apoògùn tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa. Ó ní irú oògùn náà mìíràn wà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, orúkọ ńlá ni kò ní, kò sì tó ìdajì owó ti àkọ́kọ́. Ká ṣáà ní kí dókítà kọ ọ́.

Ọkọ mi yínmú. “Kí n wá máa gbé ayédèrú mì lọ́jọ́ ogbó mi?”

“Ayédèrú kọ́, Bàbá,” ni obìnrin náà dáhùn. “Aṣọ kan náà, òwú kan náà, wọ́n wá rán àmì olówó gọbọi mọ́ ọrùn ọ̀kan. Èwo ló bo ara jù nínú méjèèjì?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, ọdún méjì ló fi rán irú àmì bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀wù fún ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Ó mọ̀ ọ́n tinú-tòde.

Dókítà kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, lágogo méje ìrọ̀lẹ́, màá gbé ife omi dúró tì í títí yóò fi gbé odidi hóró kan mì. Ó ní wọ́dà ẹ̀wọ̀n lòun fẹ́ níyàwó. Ọ̀rá náà lọ sílẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó sì tún lo ọdún mọ́kànlá sí i kí ogbó tó mú un lọ, pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Mo ṣì ń bu omi yẹn lágogo méje. N ó gbé e dání díẹ̀, n ó wo àga rẹ̀, n ó sì mu ún fúnra mi.